Áàpù Tó Ń Gba Owó Orí

Nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún lífíìtì ṣe, obìnrin kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní Àǹtí Dúró-ná. Kì í ṣe pé ó ń fà níṣẹ́ o. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá ju ti gbogbo àwọn tó fún un lórúkọ náà lọ. Bí lífíìtì bá bàjẹ́ nílé alájà púpọ̀ kan, òun ni àwọn onílé ń pè, òun ló sì ń rán mẹkáníìkì lọ. Kí mẹkáníìkì tó ki ẹsẹ̀ bọ kòtò, ìyẹn ihò gíga tí àpótí lífíìtì ń gbà lọ sókè sódò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é lórí fóònù, ohun tí yóò sì gbọ́ ni "Dúró ná!" Yóò bi í bóyá ó ti pa iná. Yóò bi í bóyá ó ti fi àgádágodo sí i, bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lápò òun fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá dáhùn kedere, kó wọlé. Ẹni tó bá ń kálòlò, kò ní wọ ibì kankan lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ pé onílé ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ràn obìnrin yìí, n kò ní fi pa mọ́. Yàrá rẹ̀ kò ju ibi tí tábìlì kan àti àga méjì lè gbà lọ, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibi tí wọ́n ń ká okùn irin jọ sí, òórùn gíríìsì kì í sì í kúrò lára aṣọ ìkélé. Bó ṣe wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn, fóònù létí, ojú lójú fèrèsé, ẹnu kò sinmi.

Òfin kan wà nínú iṣẹ́ yẹn tó ju gbogbo òfin lọ: ẹnì kan, àgádágodo kan. Bí mẹkáníìkì méjì bá wà nínú kòtò kan náà, àgádágodo méjì ló gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti pa iná. Ẹni àkọ́kọ́ lè parí tirẹ̀, kó ṣí àgádágodo rẹ̀, kó máa lọ sílé. Ti ẹnì kejì ṣì wà níbẹ̀, iná kò lè wá. Kò sí ẹni tó ń bá ẹlòmíì ṣí tirẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jẹ́ ìbejì.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé tuntun tó jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé ni wọ́n ti ń tan iná lífíìtì. Kò síbi tí èèyàn ó fi àgádágodo kọ́ mọ́. Èyí kò jẹ́ kí Àǹtí Dúró-ná sùn dáadáa. Ó wá gbọ́ pé áàpù kan wà tí èèyàn lè fi ṣe áàpù tirẹ̀ láìgbọ́ èdè kọ̀ǹpútà kankan. Èèyàn ó kàn máa fi ìka fa àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí lójú kọ̀ǹpútà, á sì sọ fún un pé, "Bí wọ́n bá tẹ èyí, kí ìyẹn ṣẹlẹ̀." Ìgbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun ọ̀sán ló ń fa àpótí tirẹ̀. Ó bà á jẹ́, ó tún un ṣe, ó tún bà á jẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó jáde: bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ "Mo wà nínú kòtò" sí, òmíràn tí wọ́n kọ "Mo ti jáde" sí. Bí mẹkáníìkì bá tẹ àkọ́kọ́, ojú áàpù yóò pọ́n, ọlọ́dẹ yóò sì rí i lórí fóònù tirẹ̀ pé òun kò gbọdọ̀ tan iná. Orúkọ tó wọlé náà ló gbọ́dọ̀ jáde kí pupa tó kúrò. Àgádágodo ló ṣe, irin ni kò fi ṣe é. Àwọn mẹkáníìkì yìn ín títí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó ra ìpara tuntun fún ara rẹ̀.

Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lo áàpù náà. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ni áàpù tí Àǹtí fi ṣe tirẹ̀ ní ó tó àkókò kí wọ́n máa san owó oṣooṣù, kì í sì í ṣe iye kan fún gbogbo ilé. Orí ni wọ́n ń kà. Iye èèyàn tó bá ń lò ó, iye orí tí wọ́n ó san owó fún nìyẹn. Àwọn mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ìjọba ń gba owó orí, áàpù náà ti dé tirẹ̀.

Ọ̀gá tó ń darí ọ́fíìsì kò rẹ́rìn-ín. Dín-in-kù ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tó rí tí kì í fẹ́ dín kù. Bí gílóòbù méjì bá wà nínú yàrá, yóò yọ ọ̀kan. Kò dàgbà tó Àǹtí Dúró-ná, nítorí náà "ẹ̀yin" ló ń pè é nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, "ìwọ" nígbà tí inú bá ń bí i. Ó ní orí mẹ́fà ni òun lè san owó fún. Ó ka ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ó ka alága ilé-iṣẹ́ tí kì í sí nílùú, ó ka akápò, ó ka akọ̀wé, ó ka ọkùnrin tó ń polówó fún wọn. Ẹni kẹfà ni Àǹtí Dúró-ná.

"Àwọn mẹkáníìkì mẹ́fà ńkọ́, Ọ̀gá?" Àǹtí béèrè. "Àwọn ló ń wọ kòtò."

"Ẹ fún wọn ní páswọ́ọ̀dù tiyín. Orúkọ yín ni kí gbogbo wọn máa fi wọlé. Ta tún ni wọ́n lè fọkàn tán tó yín?"

Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ó kọ̀ níbẹ̀ yẹn. Kò kọ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn yẹn wọ̀ ọ́ lára. Lójú tirẹ̀, bí ẹ̀rọ omi àárín agbo ilé ni: ẹnì kan ló ni ín, ẹni tó bá dé lè pọn. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ẹnì kan fọwọ́ kan àgádágodo ẹlòmíì wá pín orúkọ ara rẹ̀ fún ọkùnrin mẹ́fà, ó tún ń yan lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí rẹ̀. Gbogbo wọn pátá ni kò rí ewu tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ burúkú náà dé lọ́sàn-án gangan. Gíga àti mẹkáníìkì kejì wà nínú kòtò kan náà. Gíga ni àgbà gbogbo wọn, ọkùnrin tó ga tó fi jẹ́ pé ó máa ń tẹrí ba kó tó lè wọ yàrá Àǹtí. Ó wà lórí àpótí lífíìtì, ó ń fi gíríìsì pa okùn irin, ẹnì kejì sì wà nísàlẹ̀ kòtò. Àwọn méjèèjì ti tẹ "Mo wà nínú kòtò." Ṣùgbọ́n lójú áàpù, ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé: Àǹtí Dúró-ná. Ẹni ìsàlẹ̀ parí iṣẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó sì tẹ "Mo ti jáde" bó ṣe yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Áàpù gbà pé Àǹtí ti jáde. Pupa kúrò. Ọlọ́dẹ rí i, ó tan iná. Ẹnì kan tó ti dúró títí tí sùúrù rẹ̀ ti tán ní àjà òkè sì tẹ bọ́tìnnì lífíìtì.

Àpótí náà gbéra pẹ̀lú Gíga lórí rẹ̀. Ó fò mọ́ irin ara ògiri, ó dì í mú, àmọ́ apá rẹ̀ òsì kò tètè kúrò lọ́nà. Igbe rẹ̀ ni ẹni ìsàlẹ̀ gbọ́ tó fi sáré lọ bá ọlọ́dẹ, tí wọ́n fi pa iná. Orí ló kó o yọ. Apá náà kán, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ kò lọ sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dín-in-kù pe Àǹtí Dúró-ná, ó fa àga fún un fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yẹn bá fa àga fún èèyàn, kí onítọ̀hún yáa má jókòó.

"Àǹtí mi," ó ní, "onílé ibi tí apá Gíga ti kán ń bọ̀ lọ́la. Ó fẹ́ mọ ẹni tó tẹ 'Mo ti jáde' nígbà tí èèyàn ṣì wà nínú kòtò. Orúkọ yín ló sì wà níbẹ̀."

"Orúkọ mi ló wà níbẹ̀. Ìka mi kọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ pé ìka yín ló ṣèèṣì. Ìkìlọ̀ lásán ni mo máa fún yín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀."

"Àwọn mẹkáníìkì á ṣì máa fi orúkọ mi wọ kòtò?"

"Kí ni ká tún ṣe? Orí mẹ́fà ti pé."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa lò ó."

Dín-in-kù wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Ta ló gbọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Àǹtí ju apá tó kán lọ. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo gílóòbù kan ṣoṣo tó wà lókè orí rẹ̀, ó sì bi í pé tí òun kò bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́.

"Nígbà náà, kí ìwọ náà lọ wá iṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń gba alágídí."

Àǹtí padà sí yàrá rẹ̀, ó sì pe àwọn tó ni áàpù. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ló gbé e. Àǹtí bi í bóyá èèyàn mẹ́fà lè máa fi orúkọ kan ṣoṣo wọlé.

"Rárá o, mà. Ẹnì kan, orúkọ kan. Ó wà nínú àdéhùn tí ọ̀gá yín fọwọ́ sí."

"Ọlọ́dẹ tó kàn ń wò ó ńkọ́?"

"Ẹni tó kàn ń wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ń tẹ nǹkan níbẹ̀ la máa ń ka orí rẹ̀."

"Tí ẹnì kan bá ní ààyè níbẹ̀ tí kì í lò ó?"

"Ẹ lè yọ ọ́, kí ẹ fi ẹlòmíì sípò rẹ̀. Iye owó yín ò ní yí padà, mà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ẹlòmíì kún un, ẹ máa san owó orí kan sí i."

Àǹtí dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì pòṣé sí ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí àwọn ń fi owó orí ṣe yẹ̀yẹ́, òfin àgádágodo ni áàpù náà ń pa mọ́. Ẹnì kan, orúkọ kan. Òun ló gbọ́ ọ tó kọ etí ikún sí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ kí Gíga. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì funfun di apá rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó kúrú fún un, ìyàwó rẹ̀ sì dúró sẹ́nu ọ̀nà láìkí àlejò. Kí Àǹtí tó sọ̀rọ̀, Gíga ti bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, mo tẹ̀ ẹ́ o. Kí wọ́n má baà sọ pé mo gbàgbé. Mo tẹ 'Mo wà nínú kòtò.'"

"Mo mọ̀ pé o tẹ̀ ẹ́."

"Ta ló wá ní mo ti jáde?"

"Èmi," Àǹtí ní. "Orúkọ mi ló pa ẹ́ lára. Mo gbà kí wọ́n máa lò ó, kò sì yẹ kí n gbà. Má bínú."

Ìyàwó Gíga yíjú sí i nígbà yẹn. "Àwọn tó kù ńkọ́, Àǹtí? Kí ni wọ́n fi wọ kòtò lónìí?"

Àǹtí kò lè purọ́ fún un. Orúkọ kan náà ni.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Owó oṣù Àǹtí ni wọ́n fi ń san owó ilé, òun náà ni wọ́n fi ń ra oògùn orúnkún Màmá. Ó rò pé Màmá yóò bẹ òun kí òun gbà.

"Ṣé ìka ẹ ni?" Màmá béèrè.

"Rárá, Màmá."

"Kí lo wá ń bi mí fún?" Ó fa aṣọ bo orúnkún rẹ̀. "Kúrò níwájú fèrèsé, o ò jẹ́ kí n rí ìta."

Ní ọjọ́ kejì, onílé náà dé, ọkùnrin arúgbó kan tó ń rọra rìn, tí kò sì mu omi tí wọ́n gbé fún un. Dín-in-kù sọ̀rọ̀ títí nípa bí ó ṣe dun àwọn tó. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí Àǹtí Dúró-ná, ó ní olóòótọ́ òṣìṣẹ́ ni, àmọ́ èèyàn ẹlẹ́ran-ara náà ni, ó sì ní nǹkan láti sọ.

"Mo ní nǹkan láti sọ," Àǹtí ní. Kò jókòó. "Ìka mi kò ṣèèṣì, bàbá. Èèyàn méjì ló wà nínú kòtò yín. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti jáde ní tòótọ́, kò purọ́. Áàpù ni kò mọ̀ pé èèyàn méjì ni wọ́n, torí orúkọ mi ni wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa jẹ́. Èmi gbà á láìronú, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo sì ti gbé e. Mi ò ní gbé ti ẹlòmíì kún un."

"Ta ló ní kí wọ́n máa jẹ́ orúkọ rẹ?" onílé béèrè.

"Ọ̀gá ni."

"Irọ́ ni!" Dín-in-kù ti dìde. "Áàpù tí ìwọ fúnra rẹ ṣe!"

"Èmi ni mo ṣe é. Mo ṣe é kí ẹnikẹ́ni má baà kú. Ẹ̀yin lẹ pín in fún àwọn tí kò wọ kòtò rí."

Onílé wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó ní òun ti gbọ́ tó, òun yóò sọ tòun fún alága fúnra rẹ̀, ó sì fọwọ́ ti tábìlì dìde. Kí ilẹ̀kùn tó padé lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa ni Dín-in-kù ti ń pariwo pé kí Àǹtí kó ẹrù rẹ̀, pé kò gbọdọ̀ kọjá òní níbẹ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbọ́. Akápò yọjú, ó tún fà á padà.

Àǹtí kò sọ pé ó dáa, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rù bà á, àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rù kì í ba onígboyà kò mọ nǹkan kan. Òun ló ṣe áàpù náà, òun ni alákòóso rẹ̀, agbára láti yọ orúkọ àti láti fi orúkọ sí i kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ alága, ó fi mẹkáníìkì kan sípò rẹ̀. Ó yọ akápò, ó yọ akọ̀wé, ó yọ ọkùnrin ìpolówó, mẹkáníìkì sì ń rọ́pò wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó yọ Ọ̀gá. Ó ń pe ọkùnrin kọ̀ọ̀kan bó ti ń fi í sí i, ó ń sọ fún un pé kó yan páswọ́ọ̀dù tirẹ̀, kó má sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan òun alára.

Ó wá ku Gíga, kò sì sí ààyè mọ́ àfi tirẹ̀.

Ó wo àwọn àpótí tó fi ìka ara rẹ̀ fà sí ipò wọn. Bó bá yọ ara rẹ̀, kò ní lè fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn mọ́, yóò di ẹni tó kàn lè máa wò ó bíi ti ọlọ́dẹ. Ó dùn ún wọra. Ó pe Gíga lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ṣàlàyé fún un, ó sì gbé ipò rẹ̀ àti agbára alákòóso fún un. Ojú kọ̀ǹpútà ní kí ó tún wọlé. Ó tẹ orúkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ̀ ọ́n.

Ó ti ń kó ife àti bàtà rẹ̀ sínú àpò nígbà tí Dín-in-kù já ilẹ̀kùn wọlé, fóònù lọ́wọ́.

"Áàpù ní òun ò mọ̀ mí! Ta ló yọ mí?"

"Èmi ni."

"Dá mi padà kíákíá!"

"Mi ò lè dá yín padà. Mo ti yọ ara mi náà. Gíga ni alákòóso báyìí. Ẹ pè é."

Dín-in-kù wá nọ́ńbà Gíga lórí fóònù rẹ̀. Láti ọjọ́ tí apá ọkùnrin náà ti kán, kò tíì pè é lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó gbé fóònù sórí tábìlì kí Àǹtí lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àṣẹ. Gíga gbé e.

"Gíga! Fi orúkọ mi padà sínú áàpù yẹn nísinsìnyí."

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ọ̀gá," Gíga ní. Wọ́n gbọ́ bí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣe ń dún bó ti ń gbìyànjú láti jókòó dáadáa. "Orí mẹ́fà péré lẹ san owó rẹ̀, àwa mẹ́fà la sì wà níbẹ̀. Èwo nínú wa ni kí n yọ kí ẹ lè ráàyè wọlé?"

Dín-in-kù wo fóònù náà. Gíga kò gbé e sílẹ̀, ó ń retí ìdáhùn, Àǹtí Dúró-ná náà sì gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀ láti gbọ́ ọ.